Èémí Tó Ṣáájú Orúkọ Ìyàwó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bù mọ́ ọn.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Yábàá ni mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa fi ohùn náà ka ìkéde. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbúrò, tí o bá gba ohùn mi tán, kí ni n óò máa fi bá ìyàwó mi jà?"

Lọ́dún kejì, Ẹ̀gbọ́n kú ní Mushin láàárọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín, bí a ti ń sin Mùsùlùmí. Ọmọ rẹ̀ fi ìkéde fídáù ọjọ́ kẹjọ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rọ ló ń ka gbogbo ìkéde fúnra rẹ̀. Mi ò rántí dá a dúró.

Agogo méjìlá ọ̀sán lù, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ikú ara rẹ̀. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ geere. Nígbà tó kan orúkọ ìyàwó, ó dúró, ó mí, kó tó pè é. Ọlọ́jà kan pè wá láti Ládìpọ̀, ó ní ta ló kú gan-an. Èmi ń yẹ iṣẹ́ mi wò látòkè délẹ̀. Mi ò kọ́ ẹ̀rọ náà ní mímí.

Mo lọ tọrọ àforíjì. Opó náà jókòó lórí ẹní, kò bínú. Ó ní bí ọkọ òun ṣe máa ń mí nìyẹn kó tó pe òun láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́, tó ń sọ fún àwọn tó wá kí wọn pé Bàbá wà níbi iṣẹ́.

"Kì í ṣe òun nìkan," ló wí. "Èmi náà ti ń bu oúnjẹ rẹ̀ dè é. Àbúrò ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó lọ."

Àwọn ọ̀gá ní àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn ohùn náà. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo pa á rẹ́, mo fi ohùn ọmọbìnrin kan rọ́pò, mo fi ìkéde fídáù yẹn dán an wò. Ọmọbìnrin náà ń kà á lọ. Nígbà tó kan orúkọ ìyàwó, ó dúró, ó mí.

Fóònù mi dún. Opó náà ni. "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, mà."

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo tíì pa fún un nìyẹn.