Ọlọ́yẹ́ Alhaji Moshood

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Alhaji Moshood kú sáàárín títì ní Fọlá Àgorò, wọ́n ṣì ń fi ṣe ẹ̀rín ní Ṣómólú títí dòní. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń lọ ní Onípáànù. Alhaji ń wa ọlọ́yẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ olówó ńlá ayé àtijọ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́, tó sì dàgbà ju Zeenat ọmọ rẹ̀ lọ. Alhaja Táwà, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó. Zeenat àti Rilwan ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀ tuntun tiwọn.

"Dádì, ẹ bọ́ sínú tiwa. Ọkọ̀ yín ti kú," ni Zeenat wí.

"Ta ló kú? Ó ń ronú ni."

Àwọn gẹndẹ́ jáde láti ilé ìtẹ̀wé kan, wọ́n ń ti ọkọ̀. Alhaji àti Alhaja ń juwọ́ sáráyé láti ẹ̀yìn gíláàsì. Rilwan tan iná ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ọba ló ń kọjá, pé Rilwan sì ni ẹ̀ṣọ́.

Zeenat kì í tètè gba ìtàn bàbá rẹ̀ gbọ́. Alhaji ní adájọ́ kan ló kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà. Nígbà mìíràn, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ni. Zeenat ní kó mú ọ̀kan.

"Àwọn méjèèjì ló jọ dáwó rà á."

Ọyẹ́ ti kúrò nínú ọlọ́yẹ́ yìí tipẹ́. Síbẹ̀, Alhaji kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí ará Ṣómólú má baà mọ̀ pé kò tutù mọ́. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, tí òógùn ti mu aṣọ wọn, á máa gbọ̀n: "Alhaja, o ò mú súẹ́tà dání ni?" Ohun tí Zeenat ṣáà ń fẹ́ ni pé kí wọ́n tà á, kí ooru yéé pa ìyá òun.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Alhaji wọ ọkọ̀ Rilwan. Bó ṣe jókòó ni ọkọ̀ ń ké pín, pín, pín.

"Ta ló ń pariwo mọ́ mi?"

"Bẹ́líìtì ni, Dádì. Ó ní kí ẹ dè é."

"Ọkọ̀ ló ń pàṣẹ fún mi?" Alhaji fi ìka kan ara ọkọ̀ náà, kó, kó. "Ike! Rilwan, abọ́ ni wọ́n tà fún ẹ, wọ́n wá fi táyà sí i."

"Àmọ́ abọ́ yìí máa ń débi tó ń lọ, Dádì."

"Ta ló wá rí ẹ nígbà tó o dé?"

Nígbà tí Alhaji jáde láyé, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Zeenat wá oníbàárà. Raphael ni, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù. Alhaja ní kò burú, kí wọ́n tà á.

Lọ́jọ́ tí Raphael wá wọ́ ọ, Alhaja ni wọ́n bá nínú ọkọ̀, lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo gíláàsì ní títì, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, tiwa tutù, kì í sì í kú lọ́nà," ni Zeenat wí.

"Mo mọ̀. Tiyín dáa. Àmọ́ bàbá rẹ kò ní dírẹ́bà rí, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó níwájú. Ó ní òun ni dírẹ́bà mi."

Raphael kan gíláàsì. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tà á mọ́ ni?"

Alhaja juwọ́ sí i. "Ẹ má dà á láàmú. Ó ń ronú."

Zeenat ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó sípò dírẹ́bà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò ṣí fèrèsé.