Òfin Kí A Tètè Sọ fún Aládùúgbò

Ẹ̀rín ni iṣẹ́ mi máa ń pa àwọn èèyàn tí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún. Lọ́yà ni mí. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí lórí ààbò iná núkílíà ni mo fi ń jẹun. "Núkílíà wo, ní Nàìjíríà tí a ò tíì rí iná fi lọ aṣọ?" Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi fi máa ń tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. Èsì mi kì í yí padà: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Tòmátì ni wọ́n ń tà ní Mile 12, láti kékeré mi. Mo ní, "Màmá, tí tòmátì yín bá jẹrà, tí omi ẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ ti ẹni tí ẹ jọ pààlà, òfin yìí ní kẹ́ ẹ tètè sọ fún un, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tó máa fi imú ara ẹ̀ gbọ́ òórùn ẹ̀."

Wọ́n ní, "Òfin gidi ni. Ta ló ń pa á mọ́?"

Ọkọ mi ti kó lọ nígbà yẹn, a kò sì bímọ. Èmi nìkan ni mò ń gbé ní estate kan ní Mende. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pe Màmá lórí fóònù. Yàtọ̀ sí wọn, n kò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

Mo wá lọ sí ìpàdé ọlọ́sẹ̀ méjì kan ní Vienna. Àdéhùn tí mo lọ sọ̀rọ̀ lé lórí ní kí orílẹ̀-èdè tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí tètè sọ fún àwọn tí ìtànṣán olóró rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ náà ló máa pinnu bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó ohun tó kan ẹlòmíràn. Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá bá ló lè mọ̀ bóyá ó kan òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọn kò yí nǹkan kan padà.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbé fóònù Màmá. Àwa méjèèjì péré ni wọ́n bí. "Màmá ń kírun." "Màmá ti lọ sọ́jà, wọ́n gbàgbé phone sílé." "Network ò dáa, Lọ́yà, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lọ́la." Mo bá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Àmì búlúù sì máa ń yọ, tó fi hàn pé wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo ròyìn àtẹ́wọ́ náà fún wọn, mo ròyìn òtútù. Mo ní kí wọ́n yéé jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé fóònù wọn, ohùn rẹ̀ ti sú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí méjì. Kò wá pàdé mi rí. Ọkọ̀ kọjá Maryland, kò yà sí Mende, ọ̀nà ilé Màmá ní Ketu ló gbà lọ. Wọ́n mú mi jókòó, wọ́n fún mi lómi. Ìyá àgbà kan dúró sẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi léjìká. Mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Màmá ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì ti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe.

A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? N kò ṣáà rò pé wọ́n lè ṣe é fún mi, èmi tí títètè sọ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi. Inú bí mi débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ" lójú àwọn àgbà. "Ìwọ lo pinnu pé kò kàn mí? Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń bá òkú sọ̀rọ̀, tó ò ń gbọ́ ọ." Mo dúró di àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo wọ mọ́tò padà sí Mende. Ó lé lọ́dún kan tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ìdáwà ni mo rí lọ́dún yẹn, n kò ní pè é lórúkọ míì. Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Màá gbé fóònù, màá tún gbé e kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará estate á máa dún yí mi ká, èmi á pa tèmi kí n lè gbọ́ bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kàn án. Iléyá dé, mo pa fóònù mi látàárọ̀.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ, mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Àdéhùn méjì ni wọ́n jọ ṣe pọ̀, lẹ́yìn jàǹbá ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè tí ìtànṣán rẹ̀ kọjá ààlà kí àwọn aládùúgbò tó gbọ́. Ọ̀kan ní ká tètè sọ, èkejì ní ká ran ara wa lọ́wọ́. Mo máa ń pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, màá sì sáré ka èkejì kọjá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, kí ló dé tí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀?"

Mo ní, "Ẹni tí wọ́n ròyìn jàǹbá fún, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe?"

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rántí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n lọ jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Mile 12, nídìí tòmátì Màmá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. "Ta ló máa dì ẹ́ mú níbẹ̀? Mo call office yín lọ́jọ́ Tuesday yẹn. Mo ní ta lẹ jọ lọ. Wọ́n ní ìwọ nìkan ni. Mo tún ní kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Germany bá mi wá ọmọ Yorùbá kankan ní ìlú yẹn, kó lọ jókòó tì ẹ́ kí n tó sọ fún ẹ. A ò rí ẹnì kankan."

"Voice note yẹn ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ kó o máa sọ̀rọ̀, kẹ́nì kankan má gbọ́ ọ."

Mo sunkún níbẹ̀, láàárín àwọn alábàárù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí, pé bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, kó sọ fún mi lójú ẹsẹ̀.

"Màá sọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó yọ fóònù. "Fún mi ní number ẹnì kan ní Mende, ẹni tí màá kọ́kọ́ call, tó máa wà lọ́dọ̀ ẹ kí n tó call ìwọ."

Mo ṣí fóònù mi. Ọ́fíìsì, ọ́fíìsì, oníṣẹ́ iná, ọ́fíìsì, ẹni tó ń gbé gáàsì wá. Ọdún kẹsàn-án mi nínú estate yẹn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, kò kán mi lójú. Nígbà tó yá, mo ka nọ́ńbà máígáàdì tó ń ṣọ́ géètì wa fún un.

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó wá bi mí pé, "Kí lorúkọ ẹ̀?"

N kò mọ̀ ọ́n.