Bí Sáfà Ṣe Kéde Ikú Alhájà

Alhájà kan wà ní Ìlaròó, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò. Ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ló ń tà, pẹ̀lú òróró àti tòlótòló inú yìnyín. Ọ̀nà tí ọjà náà gbà dé ìsọ̀ rẹ̀, èmi kò bi í, òun náà kò sì sọ. Ní Yewa tiwa, ẹni tó bá ń bèèrè ọ̀nà tí ìrẹsì gbà wọlé, àlejò ni, àbí kó jẹ́ aṣọ́bodè tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo ṣe ìkànnì tirẹ̀ fún un. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti fi líńkì wọn pamọ́ sórí fóònù. Nígbà tí ìjọba wá ti ẹnubodè pa, ìsọ̀ gbẹ. Eku inú ìsọ̀ gan-an ń rù. Alhájà pè mí, ó ní kí n yọ ìrẹsì, òróró àti tòlótòló kúrò kíákíá, kí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe má baà fi wọ́n bi òun léèrè. Gààrí, láfún àti epo pupa ni òun yóò máa tà. Mo yọ wọ́n.

Ohun tí àwa méjèèjì kò rò ni pé líńkì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn. Kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀ ni à ń pè ní sáfà. Bí ẹ bá béèrè ojú ìwé tí kò ní, kì í dákẹ́. Wọ́n ti kọ ìdáhùn kan sí i nínú kó tó dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun náà ló máa nà sí yín: ojú ìwé funfun báláú, nọ́ńbà irínwó lé mẹ́rin gàdàgbà lókè, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan nísàlẹ̀ pé a kò rí i. Kò kí ènìyàn, kò ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Ìyá oníbàárà kan ní Ayétòrò tẹ líńkì ìrẹsì, ó rí ohun tí mo wí yìí, ó sì na fóònù sí ọkọ rẹ̀ pé kó túmọ̀ rẹ̀.

Ọkọ wò ó títí. “Wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́.”

“Ta ni wọn ò rí mọ́?”

“Alhájà ìrẹsì.”

Kí wọ́n tó kírun tán ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà, “a ò rí i mọ́” ti di “wọ́n ti gbé e.” Kó tó di ọjọ́ kejì, Alhájà ti kú. Ni àwọn ìyá Ayétòrò bá gba mọ́tò kan, wọ́n wá kí wa kú ìrọ́jú. Alhájà wà níwájú ìsọ̀, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

“Alhájà, ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó yìí?” Ọ̀kan nínú wọn ló bèèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ta lẹ fẹ́ kó jókòó?”

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, wọ́n fẹ́ rọra gbé búrẹ́dì àti ṣúgà tí wọ́n kó wá kí ẹbí òkú padà sínú mọ́tò. Alhájà kọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti gbé jáde nílé nítorí òkú kì í padà sílé. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó sì bù díẹ̀ fún wọn jẹ.

Wọn kò tíì kúrò ní ìlú tí Alhájà fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi kéde ikú mi?”

“Màmá, èmi kọ́. Sáfà ni.”

“Ta ní ń jẹ́ Sáfà? Ọmọ ìlú ibo ni?”

Mo gbé àga fún un, mo sì ṣàlàyé. Ó fìka tọ́ nọ́ńbà náà. “Irínwó lé mẹ́rin kí ni? Àpò ìrẹsì?”

“Nọ́ńbà àṣìṣe ni, Màmá. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n wá kò sí níbẹ̀.”

“Ṣé kò lè sọ ọ́ bí ọmọlúàbí ni?”

“Ohun tí a bá kọ́ ọ ló máa sọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín, màá kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìlà kan péré ni màá fi kún ètò sáfà, pé bó bá ti di irínwó lé mẹ́rin, fáìlì yẹn ni kó gbé jáde.”

Alhájà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ dárúkọ ìyá àwọn tó ti ẹnubodè. Mo ní, “Màmá, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi náà.” Ó wá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: “Ẹ kú àbọ̀. Ìrẹsì tí ẹ ń wá kò sí. Èmi kò kú, n kò sá, wọn kò sì gbé mi. Ẹ lọ bi àwọn tó wà lẹ́nubodè. Kí wọ́n tó dá yín lóhùn, gààrí wà.”

Mo ṣe fáìlì àwòṣe kan: orúkọ ìsọ̀ lókè, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀, àlàfo kan láàárín. Irú àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ ló máa pinnu ọ̀rọ̀ tó máa bọ́ sínú àlàfo náà. Nígbà tó gbọ́ pé irínwó lé mẹ́ta wà fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi tí a kò gbà á láyè, inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ní ojú ìwé kan tó wà fún àwọn alágbàtà rẹ̀ nìkan. “Kọ ọ́: Ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ alágbàtà ló wà níwájú. Bó bá kàn yín, ẹ ti mọ nọ́ńbà mi.”

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló kù, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá dákú. Mo sọ fún un pé èyí kò lè lo àwòṣe, torí ohun tó ń fi ọ̀rọ̀ sínú àlàfo gan-an ló dákú. Alásè tó dákú kò lè bu oúnjẹ fún àlejò. Èyí tí a ti bù kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ó gbé fún un. Nítorí náà, odidi fáìlì tó ti pé pérépéré ni mo kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní kí n kọ síbẹ̀ ni pé: “Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ọmọ yìí ló ṣubú. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi.” Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹnì kan gbé ti ìrẹsì sórí Wáàsáàpù, ó sì ràn. Àwọn ènìyàn ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ìranù sẹ́yìn àdírẹ́sì Alhájà kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà. Alábàáṣòwò rẹ̀ àtijọ́ pè láti Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè: “Ìyá, mẹ̀sí o, ẹ ṣé tí ẹ kò kú! A ti ń ṣàdúà fún òkú yín níbí!” Gààrí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kákí yà sí ìsọ̀ níbi tí èmi àti Alhájà jókòó sí. “Ta ló kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ bi àwọn tó wà lẹ́nubodè?”

Alhájà kò ṣẹ́jú. “Ọmọ yìí ni.”

Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. “Aṣọ́bodè ni mí. Bí a bá dá mọ́tò dúró báyìí, wọ́n á máa kà á sí wa létí: Alhájà ní ká wá bi yín o! Ìyàwó mi náà ti fi í ránṣẹ́ sí mi.”

“Kí lẹ wá fẹ́, ọ̀gá?” Mo ti dìde fún un lórí àga mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kún un pé àwa náà ò mọ̀.”

Alhájà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó fún un ní gààrí, èmi sì fi ìlà kan kún fáìlì: “Àwọn náà kò mọ̀.”

Wọ́n ṣí ẹnubodè nígbà tó yá. Ìrẹsì padà sórí ìkànnì, ṣùgbọ́n gààrí kò kúrò níbẹ̀. Èmi ti rí iṣẹ́ tuntun nígbà náà, torí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ kí sáfà máa sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Káfíńtà kan wá láti Ìmáṣàyí. Pásítọ̀ kan wá láti Àgọ́ṣáṣá, ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ wá: “Ìwọ ti ṣìnà. Yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Mo ní, “Pásítọ̀, èyí le díẹ̀ o.”

Ó ní, “Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì wa dáadáa kò ní rí i.”