Èèkù Dírílì Bàbá Mi

Iṣẹ́ bàbá mi ni láti lu ihò sára ògiri kí ó sì so irin kọ́tìnì mọ́ ọn. Àwọn tó ń ta aṣọ kọ́tìnì ní Aswani ló ń darí oníbàárà sí i, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ilé tó pọ̀ ní Ire-Akari débi pé ó mọ ògiri tí wọ́n fi yanrìn lásán rẹ́ bó bá ti fi ìka kàn án. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu rẹ̀ náà tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò gbọ́ràn. Ìka méjì tó kẹ́yìn kákò, kò ṣeé nà, kò sì lè fún nǹkan mọ́ra. Bó bá gbé dírílì, á yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ihò á sì wọ́.

Rọ́bà líle ni èèkù dírílì náà, ó rí bí ìdí ìbọn ìléwọ́, ẹni tí ìka rẹ̀ pé ni wọ́n sì ṣe é fún. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, nítorí náà mo ní kí n fi nǹkan kún èèkù yẹn títí yóò fi bá ọwọ́ bàbá mi mu. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́, orí àga nínú pálọ̀ wa ní Jakande ni yóò jókòó sí títí ayé, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ni yóò pa á.

Súpà gúlù ni mo kọ́kọ́ lò. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n l'Ékòó: a da bekin páúdà síbi tí a fẹ́ dí, a ro gúlù lé e, ó le lójú ẹsẹ̀. Ó le lóòótọ́. Bí dírílì ṣe gbọ̀n báyìí, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, màmá mi sì gbá a dànù tayọ̀tayọ̀. Mo tún lọ ra fíllà, èyí tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò tó tẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Òṣòdì. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan, ará òkè sọ̀kalẹ̀ wá béèrè ohun tí à ń sun. Ó ṣeé fá, ó dán, àmọ́ kò fẹ́ràn rọ́bà. Ó ṣí kúrò lódindi bí èèpo ẹyin tí a sè.

Èyí tó gbà fún mi ni gọ́ọ̀mù àwọn púlọ́ńbà, èyí tó dà bí amọ̀, oríṣi méjì tí à ń pò pọ̀ lọ́wọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di ọ̀kan. Kì í kánjú le. Mo fi sáńdípépà ha èèkù náà títí ó fi rí háráhárá, mo lu ihò wẹ́wẹ́ tí kò jìn sí i kí amọ̀ lè ríbi dì mú. Mo mọ amọ̀ náà mọ́ èèkù, mo fi ọ̀rá wé e, mo wá sọ fún bàbá mi pé kó dì í mú bó ṣe lè dì í mú nísinsìnyí, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka méjì tó kákò náà rí ibùsùn.

Nígbà tó gbẹ, ó lu ihò kan sókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ihò náà tọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Wò ó o, ṣé o rí i? N óò pe ìyá oníkọ́tìnì Aswani yẹn."

Inú mi dùn, mi ò purọ́. Àmọ́ ó yẹ kí n ti mọ irú ilé tí mò ń gbé. Láti ìlú wa ní Ògùn ni màmá mi ti gbé ẹ̀sìn rẹ̀ wá, nínú ìjọ rẹ̀ a kì í sì í sọ pé àìsàn jẹ́ tẹni. Láti ọjọ́ súpà gúlù ló ti ń bínú.

"Ṣé o fẹ́ kí ọwọ́ dádì ẹ máa wà bẹ́ẹ̀ lọ ni? O wá ń mọlé fún àìsàn! Èmi ò claim ẹ̀ o."

Nígbà tó rí ihò yẹn, ó kúnlẹ̀, ó pariwo haleluya. Ó wo ihò, kò wo èèkù. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà rẹ̀ lórí fóònù: ọwọ́ bàbá ti yá, á jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Mọ́mì, amọ̀ yẹn ló dì í mú o."

"Má fẹnu ẹ bu ògo Ọlọ́run kù!"

Mo wojú bàbá mi kó sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí dírílì rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ọjà dé, mo bá a ní bákónì, ó fi itan méjèèjì há dírílì, ó ń fi fáìlì irin fá gbogbo iṣẹ́ mi kúrò. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Wọ́n ní kí n gbé e dání wá. Mi ò lè gbé eléyìí dé iwájú ìjọ, wọ́n á béèrè ohun tó wà fún."

Ó jẹ́rìí. Ó gbé dírílì sókè, ó fi ọwọ́ òsì gbè é nídìí, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Èmi ká ọwọ́ mi gbera. Inú bí mi sí wọn, ó bí mi sí bàbá mi gan-an jù.

Kò pẹ́, ìyá oníkọ́tìnì ránṣẹ́ pé iṣẹ́ wà ní Ire-Akari, ó sì wá pè. Fóònù ń dún lọ́wọ́ bàbá mi, mo sáré gbé gọ́ọ̀mù tuntun wá síwájú rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Kò ní pẹ́."

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá màmá mi, ó wá wò mí.

"Mo ti jẹ́rìí," ó ní. "Ẹni tí ara ẹ̀ ti yá, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó fi ọwọ́ òsì gbé fóònù sétí, ó ní kí obìnrin náà wá ẹlòmíràn, pé òun ò sí l'Ékòó.