Kéléwélé Ẹni Tó Tàsé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè gbé korobá omi kíkún sórí láìdà á sílẹ̀, ẹgbẹ́ eléré kan wà ní àdúgbò wa ní Accra tí kì í borí. Bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì ni wọ́n ń gbá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n lókè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní àkókò tèmi mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ayé ń sáré tẹ̀lé nígbà náà. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa kò jìnnà sí Jamestown létí òkun, níbi tí ilé iná gogoro ti ń tan ìmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, ilé fún mọ́ ilé, kò sì sí ilẹ̀ gbalasa kankan. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ní ni pèpéle sìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, òpó irin ní ẹ̀gbẹ́ kìíní-kejì, àti àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ dé ìdajì. Tí ẹ bá ń bọ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan létí òkun ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ìró bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn kì í dá.

Ẹgbẹ́ náà ní orúkọ gidi tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aṣọ wọn, ṣùgbọ́n Ó-Kù-Díẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kóòṣì wọn, ọmọ Gá kan, ìyẹn onílẹ̀ Accra, tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá tó wà ládùúgbò náà, ló fa orúkọ náà. Bí wọ́n bá ti lù wọ́n nínú eré tán, á na ọwọ́ sókè, á ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kù díẹ̀!” Ìgbà mìíràn wà tí ohun tó kù náà pọ̀ gan-an.

Àwọn méjì ló jẹ́ olórí àwọn alátìlẹ́yìn. Ọ̀kan ni Bàbá Táílọ̀, tó ń rán aṣọ wọn. Ìkejì ni Ìyá Kúdí, tí àwa àti rẹ̀ jọ wà nínú agbo ilé kan náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ bíi tiwa. Kéléwélé ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dáadáa, tó gé wẹ́wẹ́, tó fi ata, atalẹ̀, kànáfùrù àti iyọ̀ pò, tó sì dín títí etí rẹ̀ fi dúdú díẹ̀. Tí mo bá ti ti ilé-kéú dé, èmi ni mo máa ń lọ atalẹ̀ àti ata fún un nínú àsánká, abọ́ amọ̀ tí inú rẹ̀ rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Bí kò bá kúnná, ìyá mi á ní kí n kúnlẹ̀ kí n tún un lọ. Bí mo bá gbàgbé tí mo fi ọwọ́ náà nu ojú, kò sí ẹni tó ní láti jẹ mí níyà mọ́.

Ẹnu Ìyá Kúdí mú ju atalẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹni tó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Bùràímọ̀. Àkọ́bí bàbá wa ni. Ó ga débi pé ó máa ń tẹ orí kó tó wọ yàrá wa. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà, inú gbogbo àdúgbò dùn, wọ́n rò pé ìyà ti tán. Àṣé gíga lásán ni. Á dúró sábẹ́ àwọ̀n gan-an, á jù ú, bọ́ọ̀lù á kọ lu irin, á sì padà wá bá a. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀pá Iná, torí pé ó ga, ó dúró sójú kan, kò sì tan ìmọ́lẹ̀.

“Bùràímọ̀!” Ìyá Kúdí á pariwo látìdí agbada rẹ̀. “O ga tó ẹni tó lè gbé e síbẹ̀ bí ẹni gbé abọ́ sórí àjà! Kí ló dé tó o fi ń jù ú bí ẹni ń lé adìẹ?”

“Ìyá Kúdí, ẹ wá ṣe é kí n rí i!”

“Èmi? Tí mo bá ga tó ẹ, ṣé kéléwélé ni mo máa máa tà?”

Bàbá Táílọ̀ á sì fi tirẹ̀ lé e. “Ṣé abẹ́ apá ló ń fún ẹ ni? Mú aṣọ náà wá kí n tú u, bóyá ọwọ́ á lè gbé sókè.”

Mo fẹ́ràn láti gbọ́ wọn. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì rí títí di òní, ṣùgbọ́n mo máa ń há àwàdà wọn sórí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ara mi bí mo bá ń gbálẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni pé òjò tàbí oòrùn, àwọn méjèèjì kì í pa eré kan jẹ.

Àṣà kan tún wà. Bí eré bá ti parí, eléré kankan kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Àárín agbo ilé wa ni gbogbo wọn máa gbà kọjá, níbi tí a ti tò sórí bẹ́ńṣì dè wọ́n. Ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí àwa Yorùbá kò ní ìkíni fún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí wọ́n lù nínú bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí a ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé ni a fi ń kí wọn.

“Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ṣe yín lálejò?”

Wọ́n ní láti dáhùn pé, “A dúpẹ́, wọ́n tọ́jú wa dáadáa.”

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Kúdí á pín kéléwélé fún wọn nínú bébà. Ti ẹni tó ba eré jẹ́ jù ló máa ń kẹ́yìn, òun nìkan ni a ó dín in fún, ata rẹ̀ á sì pọ̀ débi pé èéfín rẹ̀ á mú àwọn tó wà nítòsí húkọ́. Á jẹ ẹ́ tán lójú wa, lóòró, láìfi omi kàn án. Nígbà tó bá jẹ èyí tó kẹ́yìn, Bàbá Táílọ̀ á fún un lómi, á ní, “Ó ti tán.” Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ àṣìṣe náà mọ́. Ọkùnrin kan gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Kúdí kò sì ta kéléwélé fún un títí oṣù fi lé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ ọjà Agbogbloshie wá bá wa gbá. Àwọn tó ń já iṣu lọ́kọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, apá wọn le bí irin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Ó-Kù-Díẹ̀ gbìyànjú ju tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá ku ẹyọ àmì kan ṣoṣo kí wọ́n dọ́gba. Bí eré ṣe fẹ́ parí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Agbogbloshie gbá ọwọ́ Bọ̀dá Bùràímọ̀ níbi tó ti fẹ́ jù ú, rẹfirí sì ní kó jù ú lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, a dọ́gba. Bí méjèèjì bá wọlé, a borí. Èkíní kọ lu pátákó tó wà lẹ́yìn àwọ̀n. Èkejì kò kan nǹkan kan rárá, ó gba òkè pátákó lọ sí ọgbà ẹlòmíràn.

“Ẹ lọ wò ó ní ilé iná etí òkun!” ni Ìyá Kúdí wí. “Ibẹ̀ ló ń jù ú sí!”

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn eléré dé àárín agbo ilé, Bọ̀dá Bùràímọ̀ kò sí láàárín wọn. Ó ti gba etí òkun, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá.

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Torí pé kò jẹ ata, ọ̀rọ̀ náà kò lópin. Nídìí ẹ̀rọ omi, lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ ló ń bi í bóyá wọ́n ti rí bọ́ọ̀lù náà. Kò sì sí ohun tó lè fi dá wọn dúró. Bó ṣe di Tọ́sìdeè, ó fọ aṣọ eré rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e fún mi.

“Gbé e fún Bàbá Táílọ̀. Sọ fún wọn pé mo ti ṣíwọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ ní Mọ́ńdè.”

Bàbá wa ní ṣọ́ọ̀bù rédíò ní àdúgbò Circle, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí ó wá jókòó síbẹ̀. Kò wo eré wọn rí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kò sì fẹ́ràn ohunkóhun láyé tó bọ́ọ̀lù yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo sunkún dé ilé Bàbá Táílọ̀.

Kò gba aṣọ náà. Ó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ní, “Gbé e padà. A kì í ṣíwọ́ báyẹn.” Ó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdí.

Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gàríbì, bàbá wa ti dé láti Circle, òun àti Bọ̀dá Bùràímọ̀ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe àti ẹja lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n wọlé. Ìyá Kúdí ló ṣíwájú pẹ̀lú agbada àti kóòpọ́ọ̀tù tí èédú ti pọ́n nínú rẹ̀, Bàbá Táílọ̀ tẹ̀lé e, kóòṣì àti gbogbo ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn wọn.

“Àlàájì, ẹ má bínú,” ni Ìyá Kúdí wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹnì kan ti ìrìn àjò dé nílé yìí, kò jẹ́ ká kí òun. A wá kí i ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba. Bàbá wa wo agbada, ó wo gbogbo wọn. Mo rò pé yóò lé wọn jáde.

“Èwo ló tàsé?” ló bèèrè. “Èkíní ni àbí èkejì?”

“Méjèèjì ni, Àlàájì.”

Ó tún wo agbada náà. “Ata ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbé wá yìí. Kò tó. Ẹ fi kún un.”

Ẹ̀rín bú jáde. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ òmíràn, mo sì fi gbogbo agbára mi lọ̀ ọ́. Bọ̀dá Bùràímọ̀ dìde dúró, ó jẹ ẹ́, omi ojú rẹ̀ ń ṣàn dé àgbọ̀n. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé gbogbo omi ojú yẹn kọ́ ni ti ata. Ata náà kàn fún un láyè láti sunkún lójú bàbá wa, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Nígbà tí Bàbá Táílọ̀ fún un lómi tó sì sọ ohun tó máa ń sọ, bàbá wa nu ọwọ́ rẹ̀.

“Ṣọ́ọ̀bù kò ní sá lọ,” ló wí. “Ìgbà wo lẹ tún ń gbá?”

“Sátidé, Bàbá.”

Ní Sátidé náà, wọ́n tún lù wọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá wa wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò nínú jalabíà rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń pariwo, “Bùràímọ̀, gbé e síbẹ̀!” Ẹ̀gbọ́n mi gbé mélòó kan síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀.

Lónìí, ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbá básíkẹ́tì nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ga bíi ti bàbá rẹ̀, ó sì ń tàsé bíi ti bàbá rẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnì kan ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti tàsé, ó gbé e sórí fóònù, àwọn èèyàn sì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn mí. N kò ní purọ́, àwọn àwàdà kan níbẹ̀ dùn, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù tiẹ̀ lè pa Ìyá Kúdí náà lẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, kò tiẹ̀ mọ ìlú tó wà. Ó yí fóònù náà dojú délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo jókòó tì í. Mo ronú nípa àwọn tó fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà èwe mi, bí ẹnu wọn ṣe mú tó. Wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì wá.