Àgbà Torino Tí Kì í Dáhùn Kíkí

Títí di òní, kò sí ẹni tó tì mí ṣubú ní pápá. Ẹ lọ bi wọ́n ní Udine, ẹ bi wọ́n ní Milano, ẹ bi àwọn ará Padova pàápàá tí wọn ò fẹ́ rí mi sójú. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, mi ò sì ka ìwé mẹ́fà tán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń fi ẹran àti wàrà tọ́ láti kékeré, èmi ni mò ń gbé wọn jókòó sílẹ̀ bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí, torí ìyókù ni àwọn èèyàn ń sọ kiri. Èyí, wọn kì í sọ ọ́.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Ẹgbẹ́ kan wà ní Torino tó ń gbá a. Wọ́n ń sanwó fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, wọ́n tún gba ilé fún wọn. Àwa yòókù, aṣọ, àṣíborí àti búrẹ́dì panino nínú bọ́ọ̀sì ni tiwa.

Kóòṣì ẹgbẹ́ náà ni ọ̀gá turno mi, ìyẹn àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lákòókò kan náà, ní capannone, ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ àjàgbé ní Settimo. Lọ́jọ́ kan, muletto, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù, kú sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń fi fóònù pe mẹkáníìkì. Èmi fi èjìká tì í kúrò, tòun ti ẹrù orí ẹ̀. Ọ̀gá wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀, ó ní: "Senti, gbọ́ mi, ìwọ kì í ṣe ti capannone. Wá bá mi ní pápá lọ́jọ́ Sátidé." Mo ju ọkùnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa o, ṣùgbọ́n tu, ìyẹn "ìwọ", ló máa ń pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìlú wọn ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró lẹ́yìn, àwa dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó le. Tí o bá ti lóṣòó, tí o ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀, o kò gbọdọ̀ mira títí bọ́ọ̀lù yóò fi gbéra. Bó ṣe orí lo mì, rẹfirí á ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀, wọ́n á sì dá gbogbo ẹgbẹ́ yín padà sẹ́yìn. Falsa partenza ni wọ́n ń pè é.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Udine, òjò ń rọ̀ wá lórí, ẹrẹ̀ dé orúnkún wa, ẹni tó kọjú sí mi bẹ kóòṣì rẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn. Ọmọ Amẹ́ríkà wa tó ń ju bọ́ọ̀lù kò fi ìdí kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a padà dé, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba máìkì, mo jẹ́rìí. Mo ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ń bọ̀ ní Torino, mo ní lọ́jọ́ àṣekágbá kí gbogbo ìjọ wá wò mí, èmi ni wọ́n máa rí níwájú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní òun yóò wá ọkọ̀ tó máa kó ìjọ lọ. Ohun tí mò ń lé nìyẹn látìgbà náà: kí n dúró sí iwájú lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn èèyàn mi rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Padova wá bá wa gbá ní Torino.

Mo lóṣòó, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó kọjú sí mi jẹ́ ọmọ dúdú, igi ọrùn rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ ń dán láàárín irin àṣíborí. Ó wò mí, ó sì fi Yorùbá tó mọ́ gaara sọ pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú òtútù."

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Láàárín pápá tí wọ́n ti ń fi Italian bú ìyá ara wọn. Kí ni kí n ṣe? "Òo, kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni?" Orí mi sì mì, bí orí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń mì. Aṣọ yẹ́lò já bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n tì wá sẹ́yìn. A tún lóṣòó.

"Ẹ má bínú, sà," ọmọ náà ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi ni mo kó bá yín."

"Kò sí wàhálà," mo ní, mo sì ju ọwọ́ sí i pé kó fi sílẹ̀. Aṣọ yẹ́lò.

Ó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, tí a ti dé ẹnu ilé wọn, ibi tí a ń gbé bọ́ọ̀lù wọ̀, tí a bá wọlé báyìí a ti borí, ó tún gbé ojú sókè.

"Màmá àwọn ọmọ ńkọ́, sà? Ṣé ara wọn le?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́..." Mi ò tíì pe Ọlọ́run tán tí fèrè fi dún.

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí i, èyí yẹn náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yé mi. Wọ́n ti sọ fún wọn ní Padova pé ẹni Yorùbá kan wà nínú ògiri Torino, àgbà ni, ẹ kí i, á dá yín lóhùn. A pàdánù eré náà.

Kóòṣì wá dúró sí iwájú mi, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta sí mi lójú. "Ma con chi parli? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ó kí mi."

"E allora? Kí ló wá kàn?"

"Mo ní ó kí mi!"

Ó yíjú sí àwọn yòókù bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Ì báà ṣe Póòpù ló kí ọ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá lọ bá wọn gbá ní Padova, bẹ́ńṣì ni wàá ti wo àṣekágbá."

Kì í ṣe igbe kóòṣì ló dùn mí. Ọmọ yẹn ló dùn mí. Italy ni wọ́n bí i sí, kò mọ ilé, bóyá kò tíì tẹ ibẹ̀ rí. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ lè fún un láti ilé, kíkí ló gbà, ó sì gbé e dé pápá, ó pọ́n ọn bí ọ̀bẹ, ó fi gún ẹni tó lè bí i.

Nílé, ọmọbìnrin mi, tó wà ní scuola superiore, ilé ìwé girama wọn, ló wá ọgbọ́n sí i. "Papà, non devi rispondere," ó ní. Kí n má dáhùn. Gbogbo Yorùbá tó wà lẹ́nu ọmọ yìí kò ju kíkí lọ. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ilé ìwé, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," á sì padà sínú Italian rẹ̀. Kíkí náà la fi ṣe ìdánrawò. Mo lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì nínú cucina, ilé ìdáná wa, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, òun dúró síwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Orí mi mì.

"Fermo, papà! Daccapo." Ó ní kí n dúró jẹ́ẹ́, ká tún un ṣe. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ilé, sà!"

Títí orí mi fi dúró. Mo wá le bí òkúta. Ọmọ náà ń fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Àṣé ìyàwó mi ti dé láti ilé ìyá arúgbó tó ń tọ́jú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Ìdánrawò ni."

"Ìdánrawò kí ni? Ọmọ ń kí yín, ẹ ń wò ó bí ọmọlangidi. Ohun tí mo fi ọdún àti ọdún kọ́ ọ nìkan ṣoṣo, ìyẹn lẹ jókòó tẹ́ ẹ ń tú palẹ̀?"

"Bọ́ọ̀lù ni, màmá. Bọ́ọ̀lù lásán."

"Ẹ dìde. Mo fẹ́ ṣí fíríìjì."

Mo dìde. Mi ò rí ohun tó ń rí. Àṣekágbá ni mò ń rí.

A lọ sí Padova. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ náà ló ń lọ sí àṣekágbá. Ọmọ náà tún kọjú sí mi. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà." Mo dákẹ́. "Ẹ kú ìrìn o." Mo dákẹ́, mò ń kọ orin ìyìn nínú ikùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mò ń kí." Mo gbá a mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn ó ń kí mi, mò ń gbá a mọ́lẹ̀, aṣọ yẹ́lò kan kò já bọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Kóòṣì ń pariwo, "Bravo! Bravo!"

Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan tí a máa gbá a kí eré parí, ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Ó ní: "Sà, eré kọ́ lèyí. Màmá mi wà lórí ìjókòó lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní ẹ kú làálàá."

Mi ò mira. Bọ́ọ̀lù gbéra, mo gbé e, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, ọmọ Amẹ́ríkà wa sì gba orí rẹ̀ kọjá wọlé. A borí.

Ẹ̀yìn eré ni obìnrin kan gbé kúlà oúnjẹ wá sẹ́nu fẹ́ńsì, kóòtù búlúù lọ́rùn rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ìyá ọmọ náà ni. Mọ́ínmọ́ín ló gbé wá, ó gbóná, ó ń fún gbogbo èèyàn, àwọn tirẹ̀ àti àwọn tiwa. "Mangia, mangia," ó ń sọ fún àwọn òyìnbó pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tò síwájú rẹ̀. Èmi náà ṣí àṣíborí, mo dọ̀bálẹ̀ débi tí ìhámọ́ra èjìká jẹ́ kí n dé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni mo rán ọmọ mi sí?"

"Èmi ni, mà. Òfin eré ni, mà. Òun ló kọ́kọ́ fi kíkí..."

"Ó ní òun jẹ́ ẹ fún yín, ẹ ò dáhùn. Mo ní irọ́ ni, pé ẹni wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́ Yorùbá ni." Ó fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní mọ́ínmọ́ín tirẹ̀. "Àṣé ẹ gbọ́ ọ."

Ó dé kúlà, ó sì gbé e. Ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá níwájú mi, kò kí mi. Ẹni tó ti ń kí mi láti ọ̀sán.

Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń jẹ ẹ́, wọ́n ń bi mí, "Che cos'è? Kí ni wọ́n fi ṣe é?" Mo ní ẹ̀wà ni. Kóòṣì já tirẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Mo kọjú sí fèrèsé. Oòrùn ń wọ̀ níwájú wa, wọ́n ń kọrin, wọ́n fi orúkọ mi sínú orin náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Mo lọ ra èlùbọ́ ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Via Padova ní Milano, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Torino. Ó wo èjìká mi. "Torino? Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń kí tí ẹ kì í dáhùn?" Àwọn tó ń di irun lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ kú ìnájà o!" ó sì na ọrùn kó rí i bóyá màá dáhùn. Mo dáhùn. Ìyẹn gan-an ló tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Mo ní kò burú, àṣekágbá ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, kóòṣì bá mi níbi tí a ti ń tẹ káàdì ní capannone. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ kan tó ti ṣèṣe látìbẹ̀rẹ̀ ti san, òun ló máa dúró sí iwájú. Ó ní ọmọdé ni, eegun rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní kí n bá wọn lọ, ara wọn ni mí.

"Ta ló gbé yín dé ibẹ̀?" mo bi í.

"Lo so. Mo mọ̀," ó ní. "Grazie, o ṣé." Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, bí a ṣe ń gbá muletto tó bá ti gbé ẹrù tán, ó sì lọ.

Pásítọ̀ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ọkọ̀ kó ìjọ wá. Mo wà lórí bẹ́ńṣì, aṣọ mi funfun báláú. Ìyàwó pásítọ̀ ń ju ọwọ́ sí mi, ó ń fi ẹnu béèrè láti òkè pé ìgbà wo ni mò ń wọlé. Ọmọ tí wọ́n fi sí àyè mi ń ṣubú bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n fi ọmọ Amẹ́ríkà wa nu ilẹ̀. A pàdánù. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, à bá gbé ife yẹn wálé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Mi ò padà sí pápá mọ́, wọn ò sì wá mi.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mi jáde láti yàrá, ó ń wá búrẹ́dì tó máa gbé lọ sí ilé ìwé. "Ciao, papà."

Mo ní, "Kí ló dé? O kò kí mi."

"Tanto non rispondi." Ó ní mi ò kúkú ń dáhùn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fi búrẹ́dì sínú báàgì, ó lọ. Ìyá rẹ̀ wà nídìí gáàsì, ó kẹ́yìn sí wa, ó ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, níbi tí a ti ṣe ìdánrawò. Kò sí ẹni tó tì mí. Mi ò mira.