Ọdún Tí Royce Pelkey Yí Aago Rẹ̀

Ní abúlé wa, láàárín àwọn òkè Vermont, gbogbo èèyàn ló ń ti aago síwájú ní wákàtí kan ní oṣù kẹta bí ìjọba ṣe pa á láṣẹ, kí ilẹ̀ lè pẹ́ kó tó ṣú, tí wọ́n sì ń dá a padà ní oṣù kọkànlá. Gbogbo èèyàn, àfi Royce Pelkey.

Igi mápù ni Royce ń dá ihò sí lára, tó ń se omi tó ń kán jáde títí yóò fi ki bí oyin. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò ní fóònù àpò, aago inú ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Aago ògiri bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wò. Á ní, "Omi igi kì í wo aago kó tó kán. Èmi ò ní tìtorí ìjọba purọ́ fún ògiri ilé mi."

Èmi tí mò ń ta ìṣó àti irinṣẹ́ ní ìkòríta, mo ti bá a ṣírò ọ̀rọ̀ náà títí. Yíyí aago kò ná èèyàn ní sẹ́ńtì kan; àìyí i ló wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, onígbàjámọ̀ á ti tilẹ̀kùn kí Royce tó dé. Òkú Amos Tatro pàápàá, a ti bò ó tán kó tó yọ tòun ti òdòdó lọ́wọ́.

A kàn ń fi rẹ́rìn-ín ni, àfi ìgbà tó rí Verna Lachance. Opó ni Verna, òun ló máa ń dáná nígbà tí àwọn panápaná abúlé bá ń fi páńkéèkì ṣe àlejò gbogbo ìlú. Láti oṣù kọkànlá, tí aago tiwa bá ti bá ti Royce dọ́gba, ìfẹ́ wọn á máa gbóná. Oṣù kẹta dé, ìjà dé. Ọdún méjì gbáko.

Ní oṣù kẹta ọdún kẹta, Verna wá ra ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó bá Royce níbẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Pelkey." Bó bá ti pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, wàhálà ti dé.

"Verna mi."

"Má Verna-mi mí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ la máa jẹ páńkéèkì. Aago mẹ́jọ tèmi o! Bí o ò bá ní yí aago yẹn, má wá, má sì wá mọ́ láé."

"Torí wákàtí kan péré?"

"Ìwọ náà, ṣé wákàtí kan péré lo ò lè fún mi?"

Royce dé fìlà, ó jáde. Mo ní, "Verna, o le jù."

"Bó bá dùn ẹ́, ìwọ fẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní aago mẹ́jọ, ilé àwọn panápaná kún fọ́fọ́. Verna ń yí páńkéèkì, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án lù, àsìkò tí Royce máa ń dé bí kò bá yí aago. Kò dé.

"Mo ní kó má wá, kò sì wá," Verna sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹnu mi yìí náà ni."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, gbogbo èèyàn ti lọ, ó ku èmi àti Verna nídìí àwo tí à ń fọ̀. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Royce nìyẹn, ó fá irùngbọ̀n, ó de táì, ó gbé ìgò oje mápù tuntun dání. Ó wo àwọn àga òfìfo, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ipò kìíní nínú eré ìje.

"Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ dé? Àwọn tó ń pè mí ní apẹ́lẹ́yìn dà?"

"Royce, aago mẹ́wàá ti lù!" Verna ké.

"Irọ́! Mo yí i! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yí aago bàbá mi!"

"Apá ibo lo yí i sí?" mo bi í.

Ó na ìka sókè, ó fi yí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ló ń yí i sí.

Verna fi ìka ṣírò. Ká ní Royce ò fọwọ́ kan aago náà rárá ni, wákàtí kan ni ì bá fi pẹ́. Pípẹ́ tó fi wákàtí méjì pẹ́ yìí ni ẹ̀rí pé ó yí i. Ni Verna bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun.

"Royce," ó ní, kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni mọ́, "jókòó. Ààrò ṣì gbóná. Ẹni tí ò mọ apá ibi tí aago ń yí sí, kò yẹ kó máa dá gbé."

"Ṣé o ti gbà láti fẹ́ mi nìyẹn?"

"Páńkéèkì ni mo ní o jẹ. Jẹun ná."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà. Mo gbé aago kan tó ń yí ara rẹ̀ bí oṣù kẹta tàbí oṣù kọkànlá bá dé lọ fún wọn, owó rẹ̀ ò sì kéré. Verna dá a padà. Ó ní ohun tó wu òun ni kí òun máa wo Royce lórí àpótí ní oṣù kẹta, kó di ọwọ́ aago mú, kó máa béèrè pé, "Ìyàwó mi, síwájú ni àbí sẹ́yìn?"